Ìwé Wo Lo Fẹ́ Kà?

Ìbéèrè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti àwọn tó ń yẹ páàsìpọ́ọ̀tù wò o. Ìyẹn rọrùn. Wọ́n ní kí ni mo wá ṣe, mo ní mo wá kàwé, wọ́n lu òǹtẹ̀, ó parí. Èyí tó fojú mi rí màbo ni èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi bi mí nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Arlington, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń mu kọfí: "Ìwé wo lo fẹ́ kà?"

Ẹ gbọ́ ná. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí mo fi jáde yunifásítì nílé, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ẹ̀ rí. Ìwé tí wọ́n bá ní ká kà la máa ń kà. Tíṣà á kọ orúkọ ìwé sójú pátákó, ẹ ó dà á kọ, ẹ ó wá a lọ. Bẹ́ ẹ bá rí i, ó dáa; bẹ́ ò bá rí i, ẹ ó yá ti ẹlòmíì. Ta ló ń bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí lo fẹ́? Ṣé búkà ni?

Mo bá rẹ́rìn-ín músẹ́, mo dá a lóhùn bí ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ nílé: "Èyí tẹ́ ẹ bá yàn fún mi náà ni, sà."

Ó ní, "Rárá, ìwọ ni mò ń bi."

Mo ní, "Èyíkéyìí tó bá ti wù yín, sà."

Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Mo rò ó lọ́kàn mi pé irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àlejò ni. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ dé ilé onílé, wọ́n ní ṣé káwọn bu oúnjẹ wá, ẹ ó ní rárá, ẹ ti yó. Wọ́n á tún bi yín, ẹ ó tún kọ̀. Ó di ìgbà kẹta kẹ́ ẹ tó ní, "Ẹ bu díẹ̀ wá, nítorí tiyín ni o." Ọmọ tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kánjúwà ni. Mo wá jókòó, mo ń dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin náà kò bi mí mọ́. Ó gbé kọfí rẹ̀ mì, ó ní kí n lọ ronú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ohun tí mo wá kọ́ ni fisíìsì àwọn ẹ̀rún ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn nǹkan bíńtín tí kò sí ohun tó tún kéré jù wọ́n lọ, tí gbogbo ohun tó wà láyé ti jáde wá: èyí tó wà nínú òkúta, èyí tó wà nínú ẹ̀bà, èyí tó ń já bọ́ láti òkè tó ń gba inú àgbárí wa kọjá láì kí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ní ẹ̀ka wa. Kó tó gba èèyàn sábẹ́ ara rẹ̀, onítọ̀hún á kọ́kọ́ bá a kàwé fún sáà kan, àwọn méjì péré, kò sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa yan ìwé náà, òun náà ló máa sọ ìdí tó fi yàn án. Bí ọkùnrin yìí kò bá gbà mí, kò sẹ́lòmíì. Ẹni tí kò bá sì lọ́jọ̀gbọ́n, wọ́n á gba iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, fisà rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ìkìrun, ìlú wa, tààrà nìyẹn. Kì í ṣe pé Ìkìrun ò dáa o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo lọ. Báwo ni wọ́n ṣe máa gba ìdúpẹ́ padà?

Orúkọ rẹ̀ nìkan tiẹ̀ tó ìyọnu. Ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, tó ti rí ọmọ-ọmọ, ní kí n máa pe òun ní Walt. Walt lásán! Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Mo dán an wò níwájú dígí nílé: "Walt." Ó dà bí ẹni tó ń pe ajá. Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Bí mo bá fẹ́ pè é, màá wúkọ́. Bó bá ti wẹ̀yìn, màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá ara mi ò yá, ó ní báwọn igi Texas ṣe máa ń ṣe àlejò nìyẹn tí wọ́n bá ń tanná, ó fún mi lóògùn. Mo gba oògùn, mo dúpẹ́, mo sì ń wúkọ́ mi lọ.

Ìlú tó tóbi tó Arlington, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, nítorí n kò tíì ní mọ́tò, ọkọ̀ èrò gidi kò sì sí. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, wọ́n gbà pé bí kì í bá ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, orí rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, mo ń ti ilé ìtàwé àlòkù bọ̀, ìwé wúwo lápá mi, mo bá gbé báàgì náà rù sórí. Àfi bí ìyá arúgbó kan ṣe dá ọkọ̀ gbàǹgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí wàhálà? Ṣé kí n pe ẹnì kan fún ẹ?"

Mo ní, "Kò sí, mà. Ìwé ni."

Ó wo orí mi, ó wo oòrùn, ó wo ìwé. Ó ní òun á máa gbàdúrà fún mi.

Ìwé tí mo rù bọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá mi ló ní kí n rà á. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gírámà tó ti fẹ̀yìn tì, fisíìsì ló sì kọ́ àwọn ọmọ títí gíláàsì rẹ̀ fi nípọn. Gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi kí n tó dé Amẹ́ríkà, òun ló ní kí n kà á. Nígbà tí mo pè é pé wọ́n ní kí n yan ìwé, kò kọ́kọ́ yé e.

"Wọ́n ní kí ìwọ yan ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ tó o fẹ́ kọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí wá niṣẹ́ tí àwọn ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní ó dáa, kí n ra èyí tó bá tóbi jù. Ó ní ìwé tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ tó. Mo bá ra ọ̀kan tó tó bíríkì, ìwé àwọn tó ti kàwé kọjá ibi tí mo dé. Ojú ìwé àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé ní, "Gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé ti mọ̀." Òǹkàwé ò mọ̀! Mo ṣí ojú kejì, ó ní, "Ó hàn gbangba pé." Kò hàn, mo fi Ọlọ́run búra. Mo tiraka dé àárín orí kìíní, òógùn bo imú mi nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Kò pẹ́ tí mo fi ń fi ìwé náà ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, nítorí ìyẹn kì í fẹ́ pa dé.

Mo wá sá lọ sí òdìkejì, mo ra ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kún fún àwòrán aláwọ̀ mèremère. Mo ka ìyẹn tán lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́. Nígbà tí mo pa á dé, kò sí nǹkan kan tí mo lè ṣe tí n kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀mí ìlú yẹn gan-an ni kí wọ́n máa bi èèyàn ní ohun tó fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo wọ ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń to ẹran sáàárín búrẹ́dì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Búrẹ́dì wo?" Mo ní èyí tó bá wà. Ó ní gbogbo wọn ló wà. Ẹran wo? Wàrà wo? Kí àwọn yan án àbí kí àwọn má yan án? Ewébẹ̀ wo? Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń mí hẹ̀ẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà fún mi lóúnjẹ." Ó bá da gbogbo rẹ̀ sí i. Mo jẹ ẹ́ tán lórí bẹ́ǹṣì níta, omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ata ló fà á. Àárò ilé ló sọ mí. Mo rántí ìyá mi, tó jẹ́ pé yóò kàn gbé àwo síwájú mi ni. Nílé, ẹni tó fẹ́ràn ẹ ló máa ń bá ẹ yan nǹkan. Níbí, ẹni tó kà ẹ́ sí ló máa ń bi ẹ́ léèrè. Dáadáa ni àwọn méjèèjì ń ṣe sí mi, ṣùgbọ́n èmi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Sunday nìkan ni mo máa ń bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gbé ní Rowlett. Òun ló máa ń wá fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tá a bá sì jáde, ilé rẹ̀ là ń lọ jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí pé wàrà wo. Àmọ́ ìmọ̀ràn wà lórí oúnjẹ náà.

"Ìwé nọ́ọ̀sì lò bá yàn, gbogbo wàhálà yìí ì bá ti tán," ló sọ lọ́jọ́ kan tó ń dín dòdò. "Tàbí kọ̀ǹpútà. Wo àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ta ló fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ torí ẹ̀rún? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe, àwọn ẹ̀rún yẹn?"

Mo ní, "Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní múọ́ọ̀nù, mà. Ó jọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àfi pé ó wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá ti bí i báyìí, kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kú."

"Àbíkú ni." Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára dòdò.

"Òmíì tún ń wáyé lókè lójoojúmọ́, wọ́n ń já lu orí wa."

"Mo ní àbíkú ni! A ò ní rí i nínú ìdílé wa."

"Àmín, mà."

Ó yọ dòdò, ó gbọn epo rẹ̀ dànù, ó wá kọjú sí mi. "Kí ló ń pa á?"

"Mà?"

"O ní ó ń kú. Kí ló ń pa á? Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í kọ ọ́ pé aláìsàn ṣáà kú. Kí ló pa á?"

Mo ti ka ìwé tó tó bíríkì, mo ti ka ìwé aláwòrán, síbẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n: Àǹtí Fúnmi mú mi pẹ̀lú fọ́ọ̀kì dòdò lọ́wọ́. Ara ta mí o. Mo délé, mo tú gbogbo ìwé tí mo ní, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló ń pa múọ́ọ̀nù. Ti aláwòrán yà á bíi bàlúùnù tó bẹ́, ó ní ó "yí padà", ó kọjá lọ. Ti bíríkì sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ó wá ní òun fi ìyókù sílẹ̀ kí òǹkàwé parí ẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dá a padà sẹ́nu ilẹ̀kùn bálùwẹ̀.

Àárín ìgbà yìí ni bàbá mi pè, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n. "Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ṣé kò kọ ìwé ni?"

Mo wá a lórí fóònù. Ó ti kọ ọ́! Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́, lórí àwọn ẹ̀rún gan-an.

"O ò wá rí i?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Kò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ẹni tó bá kàwé nílé mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ní yunifásítì wa, olùkọ́ tó bá kọ ìwé, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa dé kíláàsì rẹ̀ láìní in? Wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó rà á. Wọn ò ní sọ pé ẹni tí kò rà á máa fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú mi là. Áà, ọkùnrin yìí ń tijú ni! Mo wá ìwé náà rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, mo fi bébà aláràbarà wé e, mo gbé e dání wọ ọ́fíìsì bí ẹni gbé ìyàwó.

Mo ní, "Mo ti yàn, sà."

Ó tú bébà náà, ó wo ẹ̀yìn ìwé náà pẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ó ní, "Ó dáa. Wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó o sọ ìdí tó o fi yàn án fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn màá mọ̀ bóyá mo lè gbà ẹ́."

Mo jáde, mo ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó ti ìwé náà ní ilé ìfọṣọ láàárọ̀ Sátidé, bí aṣọ mi ṣe ń yí nínú ẹ̀rọ ni mò ń ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ikú múọ́ọ̀nù. Ó sọ ọ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún òǹkàwé. Ó ṣírò bó ṣe máa ń pẹ́ láyé tó. Mo mú bébà, mo bá a ṣírò rẹ̀. Ti ìwé jẹ́ ìlọ́po méjì tèmi. Mo tún un ṣe. Ìdajì ni mo tún rí. Aṣọ gbẹ, mo tún un ṣe, ìdajì. Mo gbà pé èmi ni mo ṣìṣe. Ṣé ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa wá ṣìṣe?

Lọ́jọ́ Sunday, Àǹtí Fúnmi rí ojú mi nínú mọ́tò, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní gbogbo ìdáhùn mi ń di ìdajì. Mo ṣe é bí ẹ̀fẹ̀ ni o! Nígbà tó di àsìkò àdúrà, ó fà mí lápá jáde síwájú, ó sọ ọ́ sétí pásítọ̀. Pásítọ̀ wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Monday dé Jímọ̀, gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ohun tó ń gé ìbùkún arábìnrin yìí sí méjì!"

"Jáde!" ni gbogbo ìjọ wí.

"Mo ní ẹ̀mí ìdajì! Ẹ̀mí ó-kù-díẹ̀-kó-bọ́-sí-i!"

"Jáde! Jáde!"

Wọ́n gbàdúrà náà dé góńgó. Ìyá kan sunkún. Èmi náà ṣe àmín tọkàntọkàn, nítorí Jímọ̀ ń bọ̀. Mo délé, mo mú bébà, mo tún un ṣe. Ìdajì.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì, mo ń yọ ìwé àwọn ẹ̀rún jáde lórí àgbékà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò tún wo ìtóbi wọn, n kò wo orúkọ ẹni tó kọ wọ́n. Ìbéèrè Àǹtí Fúnmi ni mò ń bi wọ́n: kí ló ń pa á? Bó o bá wí tán, ṣé èmi náà lè pa ìwé dé kí n ṣe é? Èyí tó bá kùnà, mo ti dá a padà. Mo wá kan ọ̀kan, ìwé tí kò tóbi tí kò kéré, tí èèpo rẹ̀ ti já, tí ẹnì kan ti da kọfí sí. Ẹni tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì ẹ́. Ó ní ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà rèé, rọra. Mo rọra. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pa á dé, mo ṣe gbogbo rẹ̀ látorí dé ìdí. Ohun tí mo rí bá tèmi ti àtijọ́ mu. Mo sáré wo ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n to orúkọ gbogbo àwọn ẹ̀rún sí, tí àwọn tó wọ̀n wọ́n ní tòótọ́ kọ. Èmi ni mo gbà á! Mo pariwo "Yéè!" nínú ilé ìkàwé, wọ́n sọ pé kí n dákẹ́.

Mo pe Àǹtí Fúnmi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, "Mo ti mọ ohun tó ń pa á, mà. Agbára kan ni, wọ́n ń pè é ní agbára aláìlera."

"Aláìlera ló ń pààyàn? Ẹ̀yin oníwèé yìí!" Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó sọ fún ẹnìkan níbi iṣẹ́ pé ọmọ òun ni.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo ti sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìwé tirẹ̀ ni mo yàn. Ó di dandan kí n wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n sọ fún àgbàlagbà pé ìwé rẹ̀ kò tọ̀nà, kó tó pinnu bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ ilé. Mo pe bàbá mi.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ló bi mí.

"Ó dá mi lójú, sà."

"Bó tiẹ̀ dá ẹ lójú. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kì í ṣe ẹnu tìẹ ló yẹ kó ti jáde. Ka ìwé rẹ̀, yìn ín, gba ohun tó o wá gbà."

Mo fẹ́ sọ pé àkísà náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ó sì ti ya. N kò sọ ọ́. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ Thursday mo ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní yàrá ìṣàyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ mi nìyẹn. Mo ń kọ nǹkan sójú pátákó, ọmọkùnrin kan tó dé fìlà, tó ń jẹ ìpápánu, fi ọwọ́ tó fi ń jẹun nàka sí i, ó ní ibẹ̀ yẹn ò tọ̀nà. Ó tún pe orúkọ mi lásán mọ́ ọn! Ó kù díẹ̀ kí n ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè. Mo wẹ̀yìn wo pátákó. Ibẹ̀ ò tọ̀nà lóòótọ́. Mo nù ún, mo tún un kọ, ó ní "O ṣeun", ó ń jẹ ìpápánu rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìnùpátákó lọ́wọ́, ó yà mí lẹ́nu pé kò dùn mí.

Jímọ̀ dé. Mo wọ ọ́fíìsì, ìwé rẹ̀ lápá ọ̀tún, ti aláìléèpo lápá òsì.

Ó ní, "Jókòó. Kí ló dé tó o fi yan ìwé mi?"

Mo ti há gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sórí láti ilé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kàn rí ni pé orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbọnrangandan lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbórí balẹ̀.

Ọkùnrin náà fò dìde. "Kí ló bọ́? Yẹtí ẹ ni?" Kí n tó sọ̀rọ̀, òun náà ti wólẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì. "Má rìn o, ká má baà tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Sà, kò sí ohun tó bọ́."

"Báwo ló ṣe rí? Ṣé góòlù ni?"

"Sà, ìwé yín ni kò dáa."

Ó dúró, orí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Mo bá tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó má bínú, mo ní bóyá ojú mi ni, àmọ́ níbi tó ti ṣírò ọjọ́ ayé múọ́ọ̀nù, èjì kan sọnù láàárín ọ̀nà, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì ti di ìlọ́po méjì. Mo ní nítorí pé òun ló kọ ọ́ ni mo ṣe yàn án. Mo ní èyí tí kò ní èèpo yìí ni mo fẹ́, nítorí pé bí mo bá pa á dé, mo lè dá a ṣe. Mo ní, "Òun ni mo fẹ́." Ẹnu mi ò sọ irú ẹ̀ fún àgbà rí.

Ó rọra fa ara rẹ̀ jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n, mo rò pé ó ti parí. Ẹ̀rín ló ń pa á! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì.

"Ọjọ́ tó ti jáde ni mo ti mọ̀ pé èjì yẹn sọnù," ló wí. "Kò sẹ́ni tó rà á débi tí wọ́n á fi tún un tẹ̀. Ìyá mi gan-an ò kà á tán." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tó o gbé e wá, mo ti sọ lọ́kàn mi pé n kò ní gbà ẹ́. Mo ní tèmi ló fẹ́ ṣe, kì í ṣe tiẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe yìí, lọ́jọ́ tí mo bá ṣìnà, ta ló máa sọ fún mi?"

Mo rọra gbé aláìléèpo náà síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Mú aláìléèpo yẹn wá lọ́jọ́ Ajé, ká bẹ̀rẹ̀." Ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Èmi ni mo fà á sókè. Ó ní nígbà mìíràn kí n jọ̀ọ́ kí n bú ìwé òun lórí ìdúró.

Mo pe ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìrẹsì wà lórí iná. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi.

"Ṣé o kúnlẹ̀?" ló bi mí.

"Mo kúnlẹ̀, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ìyá mi pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti wí i. Ìyá mi ní kí ni òyìnbó náà sọ. Ó ní, "Ó ní òótọ́ ni." Ló bá padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín báwo, sà?"

"Ìwé tèmi."

N kò tíì sọ fún yín pé bàbá mi náà kọ ìwé. Pẹlẹbẹ ni, fún àwọn ọmọ gírámà, gbogbo ẹni tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló lò ó. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ lórí lọ́rì méjì tó fẹ́ kọlura, ìdáhùn rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé kò tọ̀nà. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní gírámà. Nínú ìdánwò, ìdáhùn tirẹ̀ ni mo máa ń kọ kó lè fún mi ní máàkì.

"Mò ń bi ẹ́," ni bàbá mi wí. "Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo pa iná lábẹ́ ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ kíṣìnì ní Arlington, èmi nìkan, fóònù létí mi.

Mo ní, "Ó wà, sà."

Mo gbọ́ tí àga dún. Mo gbọ́ tó ń tú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

"Ní sùúrù," ló wí. "Jẹ́ kí n mú bírò."